Ẹ̀kọ Gbígbóná Láníhùn

Lésìí, gbogbo àgbàdo Láníhùn ló bu, ó hu irun funfun bí àgbàlagbà, ebi sì han ilé rẹ̀ léèmọ̀. Lọ́dún yìí, olùkọ́ àgbẹ̀ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ìyẹ̀fun: "Kòkòrò rere, oníṣègùn irúgbìn, ló wà níbẹ̀, wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ẹ fi ẹ̀kọ tútù pò ó, kí ẹ fi pa irúgbìn, àgbàdo ò ní bu."

"Ohun tí ojú ò rí!" Láníhùn, tí í gbọ́n ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, rẹ́rìn-ín. Ó da tirẹ̀ sínú ẹ̀kọ tó ń hó kí ó lè lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó tútù, ó fi pa irúgbìn. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀kọ tútù po tirẹ̀, olúkúlùkù sì gbin oko rẹ̀.

Nígbà ìkórè, tirẹ̀ tún bu. Ti ìyàwó rẹ̀ ń dán.

"Olówó orí mi, ẹ ti se àwọn oníṣègùn yín jinná," ni obìnrin náà wí, ó sì fún un ní irúgbìn nínú tirẹ̀. "Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Láníhùn ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ẹ̀kọ wò bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun.