Ìjàpá àti Ààrò Dígí Ìgbín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rọra ṣílẹ̀kùn, ó wọ ilé ìdáná, ó jókòó ti Ìjàpá, ó jókòó ti Ìgbín. Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ìgbín rí? Ẹ rántí bí ara rẹ̀ ṣe tutù. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ìdí rẹ̀.

Láyé àtijọ́, Ìgbín ń tọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó. Eyín ti tán lẹ́nu ìyá náà, ikọ́ rẹ̀ kò sì gba èéfín rárá. Ògì gbígbóná ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Nítorí rẹ̀ ni Ìgbín ṣe ní ààrò dígí. Abẹ́ dígí ni iná ti ń gbóná, kò sí igi, kò sí èéfín. Ìgbín kì í wọ́ ìkòkò lórí rẹ̀, ńṣe ló ń gbé e. Bí oúnjẹ bá ta sí i, yóò dúró kí ó tutù, yóò wá fi àkísà rírọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, títí yóò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Ìgbín se àsáró. Bó ṣe jinná báyìí, Ìjàpá ti kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, o kú òjò o. O kú ìtọ́jú Màmá."

"O ṣeun, Ìjàpá. Imú rẹ ló mú ọ wá, àbí ẹsẹ̀ rẹ?"

"Há! Ṣé ọ̀rẹ́ ò lè kí ọ̀rẹ́ mọ́? Mo ní kí n bá ọ fọ ìkòkò ni."

Ìgbín rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá fọ ìkòkò ló ń jẹ ìdí rẹ̀?

"Ó dáa. Àmọ́ má fọwọ́ kan ààrò. Mo fẹ́ lọ já ewé ikọ́ fún Màmá lẹ́yìnkùlé."

Ẹ̀yin náà mọ ìrìn Ìgbín. Ẹ̀yìnkùlé fún un, ìrìn àjò ni.

Ìjàpá ṣí ìkòkò. "Ìdí ìkòkò ni tèmi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ló lè dé ìdí láìkó tòkè kúrò?" Ó kó tòkè jẹ. Ó kó tàárín jẹ. Bó ṣe tẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè lá ìdí rẹ̀ ni epo àti iṣu dà sórí dígí gbígbóná, wọ́n sì jó dúdú.

Ìjàpá sáré bu eérú àti iyanrìn, bí a ti ń fọ ìdí ìkòkò dúdú. Ó ha dígí, ó ha á, dígí ṣú bí ojú ọ̀run. Ó wá bu omi òjò tútù dà sí i. Kàá! Dígí sán láti etí kan dé èkejì.

Ni ó bá gbọ́ ohùn Ìgbín lẹ́nu ọ̀nà. Kíá, ó gun orí ààrò tó ṣì ń gbóná, ó da àyà bo ojú sísán náà.

"Ìjàpá, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń fi àyà nù ún ni. Ó rọ̀ ju àkísà lọ."

"Ṣé ó ti tutù?"

"Ó tutù bí omi àmù." Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀, kí n gbé ògì Màmá kaná."

"Jẹ́ kí n... jẹ́ kí n nu ẹ̀gbẹ́ ibí yìí."

Màmá ké láti inú yàrá: "Ìgbín, ta ló ń sun ẹran?"

"Yéè! Ìyá mi o!" Ìjàpá ta gìrì, ó ṣubú lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ ti rí pẹlẹbẹ, tí ó sì ní ilà.

Ìgbín kò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo dígí. Ó tan iná, iná kò tàn.

"Ìgbín, foríjì mí. Ìdí ìkòkò náà ni mo fẹ́ jẹ."

"Ṣé o yó?"

Ìjàpá wọ́ lọ sínú òjò.

Ìgbín to òkúta mẹ́ta, ó ṣa igi tútù jọ. Èéfín gba ilé. Màmá wúkọ́, ó wúkọ́, ó di ògiri mú.

"Pa á, ọmọ mi. Gbé ògì tútù náà wá."

Ìgbín paná. Màmá mu ẹnu kan, ó ní ó dùn. Òjò náà kò tíì dá tí Màmá fi dágbére fáyé.

Ìgbín ní òun kò ní jẹ ohun gbígbóná tí ìyá òun kò rí mu. Iná kò tún wọ ilé rẹ̀ mọ́. Ewé tútù ló ń jẹ títí dòní, ìdí nìyẹn tí ara ìgbín fi tutù.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́.