Bí Ìrù Òkété Ṣe Di Aláwọ̀ Méjì

Nígbà láéláé, ìrù Òkété dúdú láti ìdí títí dé ṣóńṣó, bí okùn tí wọ́n rì sínú aró. Ẹtu náà kò tíì ní pátákò nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ajá, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń fi tẹlẹ̀ pẹrẹsẹ.

Láyé ìgbà náà, bàtà ni ọ̀pọ̀ ẹranko ń wọ̀ ròde. Wọn kì í rà á. Àwọn ènìyàn ló ń wọ bàtà gbó, tí wọ́n ń dà á sí ààtàn ẹ̀yìn abúlé. Òkété ló ń lọ ṣà á.

Òkété fẹ́ràn bàtà àlòkù ju ẹ̀kùrọ́ lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà le! Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe jẹ, ó kàn ń dùn mọ́ ọn ni. Tó bá ti rí bàtà ìróde kan tó ti họ, tí imú rẹ̀ ti bó, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Á gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Á po dúdú ìdí ìkòkò mọ́ àdín, á fi kùn ún. Á wá mú àkísà, á máa nù ún, fìrì-fìrì, fìrì-fìrì, títí yóò fi rí eyín ara rẹ̀ nínú bàtà náà. Bó bá rí eyín tán, á tún máa nù ún lọ, nítorí kò tíì rí irun imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi," Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa pariwo látorí igi. "Ẹ máa nu bàtà yẹn di ìbọ̀sẹ̀ o!"

"Sọ̀kalẹ̀ wá wí i níwájú mi," Òkété á dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró.

Ibi tí Òkété ti mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wíwọn ẹsẹ̀. Ìrù rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Á tẹ́ ìrù sílẹ̀, á ní kí ẹni tó fẹ́ bàtà gbé ẹsẹ̀ lé e, kí ìka ẹsẹ̀ àti ṣóńṣó ìrù dọ́gba. Á wá fi ẹfun kun ìrù náà láti ṣóńṣó dé ibi tí gìgísẹ̀ onítọ̀hún bá parí sí. Lẹ́yìn náà, á ti ìrù bọ inú bàtà, á sì mọ̀ bóyá ó tóbi tàbí ó kéré. Èyí tó bá tóbi, á rì í sínú omi gbígbóná, á sá a sórí àpáta kí awọ rẹ̀ lè súnkì. Èyí tó bá kéré, á ki iyanrìn tútù sínú rẹ̀ kó lè fẹ̀. Bó bá parí, á fọ ẹfun kúrò ní ìrù, ó di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ gbà mí! Àwọn òbí Àwẹ̀ró ti dáhùn. Wọ́n ní kí n wá fojú hàn lónìí."

Àwẹ̀ró ni ọmọbìnrin tí Ẹtu ń fẹ́, àwọn ẹtu tó ń gbé lódìkejì odò ló bí i. Ọkùnrin kan ti lọ tọrọ rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n bàtà tó wọ̀ lọ ti lu. Bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún àna, gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó dúró lẹ́yìn ló rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ihò bàtà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí Ẹtu fi sáré wá. Bí bàtà tirẹ̀ kò bá dára, Àwẹ̀ró lọ nìyẹn.

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin!" Òkété họ orí, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò pé mẹ́rin. "Ẹ̀yin lẹ ń yọ mí lẹ́nu jù. Níbo ni n ó ti rí bàtà mẹ́rin tó jọra?"

Lójijì, etí rẹ̀ méjèèjì dìde.

"Dúró ná! Ìyá Ìbejì!"

Obìnrin kan wà ní abúlé tó bí ìbejì. Ohun tó bá rà fún Táyé, irú rẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ rà fún Kẹ́hìndé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹkún sọ. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ti dàgbà ju bàtà ìróde wọn lọ, ìyá wọn sì ti dà á sí ààtàn. Bàtà aláwọ dúdú mẹ́rin ni, wọ́n jọra wọn bí àwọn tó ni wọ́n. Òkété ti kó wọn wálé, àárọ̀ ló ti ń nù wọ́n.

"Gbé ẹsẹ̀ lé ìrù mi," ó ní.

Ẹtu gbé e lé e, ṣùgbọ́n kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ń na ọrùn. Ó ń gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó ń wo apá odò bóyá wọ́n ti ń retí òun.

"Dúró dáadáa!"

"Mo ti dúró! Ẹ yára, ẹ̀gbọ́n!"

Òkété náà kò fara balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àdín àti àkísà. Ó fi ẹfun kun ìrù dé ibi tí ẹsẹ̀ Ẹtu kan ilẹ̀ mọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo gìgísẹ̀.

"Kò ju báyìí lọ?" ó ní. "Ẹsẹ̀ adìẹ lo gbé wá, ọkọ ìyàwó!"

Ó sáré rì bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú omi gbígbóná. Ó sá wọn sórí àpáta. Awọ súnkì, ó tún súnkì, ó le bí egungun. Òkété fi dúdú kùn wọ́n, ó nù wọ́n, fìrì-fìrì, títí oòrùn fi ń kọ mànà lára wọn.

Ẹtu ti ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n. Ó tún tì í.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé? Ṣé wọn kò dán tó ni?"

"Wọ́n dán. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló wọlé."

Bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Òkété ní ìbẹ̀rù àna ló mú kí ẹsẹ̀ Ẹtu wú. Ẹtu ní ìrù Òkété ló wọ́.

"Ìrù ta ló wọ́? Èmi tí mo wọn ẹsẹ̀ erin!"

"Bàtà erin wo ló wà ní ààtàn?" Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè látòkè.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀ yẹn!" Òkété gbé ìrù sókè kí gbogbo igbó lè rí i. "Ẹ gbọ́ o! Bí mo bá ṣi ẹsẹ̀ ọmọ yìí wọ̀n, kí ẹfun má kúrò ní ìrù mi mọ́ láéláé!"

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Òun kúkú ti rí i látòkè pé orí ọmọ ìka ni Ẹtu dúró sí. Ó wo ìsàlẹ̀. Ìdí igi rọ́bà tó wà lórí rẹ̀ gan-an ni igbá ẹfun Òkété wà. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lára igi náà, ó fi eyín ya èèpo rẹ̀, oje funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí kán sínú igbá, tó, tó, tó. Àwọn tó ń jà kò rí i. Ó padà sókè, ó fi ìrù di ẹnu ara rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde.

"Ó dáa, ẹ tún un wọ̀n," Ẹtu ní. "N ó fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Ó bọ́ bàtà kan, ó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkété ti ọwọ́ bọ igbá, ó ń kun ìrù, ó ń fọ́nnu. Ó kọjá àmì ti àkọ́kọ́. Ó ń lọ. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó ṣì ń lọ. Nígbà tó fi máa dé gìgísẹ̀ Ẹtu, funfun ti gba ìdajì ìrù.

"Ẹsẹ̀ adìẹ, àbí?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Láti òdìkejì odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké pe Ẹtu.

"Jẹ́ kí n ki iyanrìn sínú wọn," Òkété bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n á fẹ̀ díẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ fẹ̀ tí n ó fi débẹ̀? Ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ń pè mí ni?"

Ẹtu ti ọmọ ìka bọ bàtà padà, ó sì gbéra. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lókè, kò kan ilẹ̀. Kó, kó, kó, kó. Ó ń rìn lọ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́.

Àwọn ìyàwó ilé ti dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú wọn sì dúró síbi ẹsẹ̀.

"Ọkọ wa, ṣé ilẹ̀ ilé wa gbóná ni?" ọ̀kan béèrè.

"Àbí olè ló fẹ́ wá jà ni?" òmíràn ní.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn ń wò ó. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ bojú. Ẹtu ń wo ọ̀nà tó gbà wá.

Ẹtu dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ilẹ̀ kò gbóná, ẹ̀yin ìyá mi," ó ní. "Ilẹ̀ ilé àna mi ni. Kò tọ́ kí n fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Kò sí ihò kankan, ó ń dán ni.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?" Bàbá Àwẹ̀ró dìde. "Èmi náà kò bọ̀wọ̀ fún àna mi tó báyìí! Dìde, ọmọ mi. Àwẹ̀ró, bọ́ síta wá bá ọkọ rẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ẹtu fẹ́ bọ́ bàtà, kò bọ́. Àwẹ̀ró bá a fà á, kò bọ́. Awọ ti súnkì mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n bímọ, tòun ti bàtà lọ́mọ náà wáyé.

Ní ti Òkété, etí odò ló wà. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ ìrù. Ó fi kànrìnkàn ha á. Ó fi iyanrìn yí i. Ẹfun tó ti pò mọ́ oje rọ́bà kò lọ. Bẹ́ẹ̀, Ọ̀yà ti dé pé òun fẹ́ bàtà. Òkété tẹ́ ìrù sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kùn mọ́, funfun ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Bàtà tó fún Ọ̀yà tóbi débi pé Ọ̀yà sùn sínú ọ̀kan. Báyìí ni àwọn ẹranko ṣe fi bàtà sílẹ̀, tí oníkálùkù ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn.

"Ẹnu yín lẹ fi bẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀gbọ́n!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kígbe, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Òkété kò lè gun igi bá a. Inú ilẹ̀ ló wọ̀ lọ, ó ń wa ihò, ó ń fi ìrù gbo ara ògiri rẹ̀ bóyá ẹfun á ṣí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹtu ti ń fi ọmọ ìka rìn nínú pátákò dúdú tó ń dán. Láti ọjọ́ náà ni ìrù òkété ti dúdú ní ìdí, tó funfun ní ṣóńṣó, tí òkété fúnra rẹ̀ kò sì lè jókòó sójú kan. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó di ìrù òkété mú, kó fi ẹsẹ̀ ẹtu wọ̀n ọ́n. Bí àwọn méjèèjì bá gbà láti dúró, ẹ wá pè mí.