Ọkọ̀ Tó Dán Tí Kò Fò

Ẹni tó ní kí ọkọ̀ ó dán, òun náà ni kò jẹ́ kó fò. Ní Èbúté Afọ́n níbí, kò sí ọmọ tó ti gbọ́n tó láti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun tí kò tíì gbọ́ òwe yìí. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti hù? Àwọn kan ní ọkọ̀ òfurufú ni òwe náà ń bá wí. Rárá o, ọkọ̀ orí omi ni. Ó ṣojú mi, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ yéé bu iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ọkọ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé baálé mi láti ayé baba tó bí baba rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń gbẹ́ ẹ, àwọn ló ń fi iná yan inú rẹ̀ kó lè là, àwọn ló sì ń fi ọ̀dà dí ojú ihò. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ló ń fọwọ́ kan ìdí ọkọ̀ kẹ́yìn. A ó já ewé ìpín, ewé tó le bí ahọ́n ológbò, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fi ha ìdí ọkọ̀ náà títí kò fi ní sí ibi tó mú lára rẹ̀ mọ́. Bí etí ọkọ̀ bá ṣì mú, a máa ń ní ọwọ́ obìnrin kò tíì dé ibẹ̀. A kì í sì í wí fún ẹnikẹ́ni pé a fẹ́ ṣe é. Ta ló ń wí fún ará ilé pé òun fẹ́ gbálẹ̀?

Bánjókòó ni ọmọ mi tó dúró. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró, orúkọ tí mo sọ ọ́ sì ti sọ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níbẹ̀. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ilé iṣẹ́ epo kan ti pè é sí ọkọ̀ ńlá wọn lójú òkun, lọ́nà jíjìn, níbi tí ọmọ ti í pẹ́ tó ọdún méjì kí ìyá rẹ̀ tó tún fojú kàn án. Ẹnjiníà Àgòrò ló wá mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Òun ni ọ̀gá àwọn tó máa ń fi ọkọ̀ kékeré díje lórí ọ̀sà. Ó ní bí Bánjókòó bá lè kan ọkọ̀ ìje kan tí yóò fò lórí omi, òun á kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un ní èbúté wa, kó máa kàn án fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Bí kò bá fò, kó máa bá ilé iṣẹ́ epo lọ. Nítorí náà, èmi gan-an ni mo wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ wo nìyẹn? Ọkọ̀ tí èèyàn kò lè wọ̀ ni. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé koríko ló tò sínú rẹ̀, pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ ló ń mu, ẹni tó sì ń wà á á dúró sí bèbè omi pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Bánjókòó kọ́kọ́ yà á sórí pépà ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Iwájú rẹ̀ pín sí ẹsẹ̀ méjì, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sì ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé apá ibo ló máa jókòó lé omi. Ó ní kò gbọ́dọ̀ jókòó. Ó ní tó bá ti ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn àti abẹ̀bẹ̀ nìkan ni yóò máa kan omi, bí ìkòkò ṣe ń wà lórí ààrò mẹ́ta, tí afẹ́fẹ́ á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò yé mi. Baálé mi ní kò yé òun náà. Ní tiwa, ọkọ̀ tó bá ti kúrò lórí omi, èèyàn ló fẹ́ pa.

Ó fi pákó arère fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án, ó sì kùn ún ní fáníìṣì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ ra pẹtiróòlù, mo da ojú ọkọ̀ náà délẹ̀ lórí itan mi. Àwọn etí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì mú bí abẹ. Àánú ọmọ mi ṣe mí pé kò ráyè parí iṣẹ́. Mo já ewé ìpín, mo ha á, mo fi àdín nù ún. Nígbà tó dé, ó rí i pé ó ń dán, ó ṣe bí fáníìṣì òun ló gbẹ dáadáa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sómi, gbogbo èbúté ló jáde. Ẹ́ńjìnnì náà ké bí agbo oyin. Ọkọ̀ gbéra, ó gbé imú sókè díẹ̀, ló bá tún padà jókòó sínú omi, ó ń wọ́ lọ. Lámídì apẹja, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní òun kò rí ewúrẹ́ tó lóyún kó máa lúwẹ̀ẹ́ rí, àfi lónìí.

Bánjókòó ní ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú u palẹ̀, kò rí nǹkan kan. Èmi ní tèmi rò pé ìdí ọkọ̀ náà ni kò tíì dán tó, ni omi ṣe ń fà á sẹ́yìn. Mo tún ha á. Ẹ̀ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, imú rẹ̀ kò tilẹ̀ gbé sókè mọ́. Bánjókòó ní á jẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ ni, ó pààrọ̀ rẹ̀. Baálé mi ní ó wúwo jù, wọ́n yọ ohun tí wọ́n lè yọ kúrò. Mo tún ha á. Mo ha á títí etí náà fi rọ̀ bí ètè ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wá dojú rú mọ́ gbogbo wa lójú. Ọmọ náà á dúró síwájú pépà ara ògiri, á wọn pépà, á wọn ọkọ̀, wọ́n á bára mu. Á tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ṣé kì í ṣe pé àwòrán náà ló ń purọ́ fún òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mò ń ràn án lọ́wọ́. Ó ṣe bí àdúrà ni mò ń wí.

Ẹnjiníà Àgòrò fúnra rẹ̀ wá wo ti ẹ̀ẹ̀kẹta. Ilé iṣẹ́ epo ti kọ̀wé pé ọjọ́ Ajé ni àwọn ń retí Bánjókòó, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò rìn tó ibi tí wọ́n ri igi àwọ̀n mọ́ tó fi ri imú bọ omi, tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Lámídì ló wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ gbé e wá.

“Ẹ gbà, ìyàwó tuntun yín rèé,” ni ó wí. “Ara rẹ̀ ń dán o. Kò kàn fẹ́ rìn ni.”

Ẹnjiníà da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fi ìka tọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan, ó tọ èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

“Bánjókòó, etí ọkọ̀ yìí dà?”

“Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá. Ọjọ́ tí mo gé e, ó gé èmi náà lọ́wọ́.”

“Fọwọ́ kàn án.”

Ọmọ mi fọwọ́ kàn án. Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wò mí.

Mo ní, “Èmi ni. Mo bá ọ ha á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màmá?”

“Ṣé a máa ń sọ ọ́ ni?”

 Baálé mi tẹjú mọ́ ilẹ̀, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni, a kì í sọ ọ́. Ẹnjiníà kò bínú sí mi. Ó ní kí n bá òun wá igbá kan àti agolo kan. Ó bu omi sínú agolo, ó dà á: omi já bọ́ sílẹ̀ gbọnrangandan. Ó bu omi sínú igbá tí ẹnu rẹ̀ ti rọ̀, ó rọra dà á: omi gba ẹnu igbá, ó yí sí abẹ́, ó ń ṣàn lọ lára ikùn rẹ̀. Ó ní etí tó mú ni omi ń já sílẹ̀ lára rẹ̀, pé bí etí bá ti rọ̀, omi á rọ̀ mọ́ ọn, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Mo ti ń da epo nínú igbá láti kékeré. Mo sì ń fi aṣọ nu ikùn igbá lójoojúmọ́, n kò bi ara mi rí pé kí ló dé.

Bánjókòó gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí mo ti ha, ó sá a sóòrùn. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń gbẹ, kò wo ojú mi. Mo jókòó sórí ìtì igi, mo ń ka ọjọ́ tó kù sí ọjọ́ Ajé. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e wá bá mi.

“Ẹ fọwọ́ kàn án, Màmá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó mú, ó rí ṣákaṣàka, kò wù mí rárá. Ọwọ́ mi ń yún mi láti tún un ṣe. Mo ká a lẹ́yìn.

Wọ́n gbé e sómi. Ó wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbéra. Mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti omi, bí èyí tó ń yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó yí igi àwọ̀n po, omi funfun ń tò lẹ́yìn rẹ̀. Lámídì yíjú sí mi lórí bèbè.

“Ìyá Bánjókòó, ẹni tó ní kí ọkọ̀ ó dán, òun náà ni kò jẹ́ kó fò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, igi ṣọ́ọ̀bù ni Bánjókòó ń rì mọ́lẹ̀.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyẹn. Bí ìyá kan bá ń tọ ọmọ rẹ̀ wọ ilé ọkọ lọ tún ọbẹ̀ rẹ̀ sè, tàbí tí ọ̀gá kan kò jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣàṣìṣe, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọn kì í pa á fún ọ̀tá, ọ̀tá kì í bá ni ha ìdí ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn wa ni wọ́n ń pa á fún, pé kó kọ́kọ́ béèrè kó tó fọwọ́ kàn án.