Òrùlé Ilé Kẹtàdínlógún

Mopélọ́lá Adégbìtẹ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní Ẹ́sítéètì Ayọ̀kúnnú, lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ létòlétò. Ilé méjìlélógójì ló wà ní ẹ́sítéètì náà, pupa rúsúrúsú sì ni òrùlé gbogbo wọn. Òfin kejìlá sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun sí apá òrùlé tó kọjú sí títì, ìbáà ṣe táǹkì omi, ìbáà ṣe òpó tẹlifíṣọ̀n. Bí àlejò bá gun òkè náà dé, tó rí bí àwọn òrùlé ṣe tò lọ rẹrẹ, inú Mopélọ́lá a máa dùn bí ẹni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n.

Tíṣà Ọ̀ṣúntúyì àti Ìbídùnní aya rẹ̀ ló ń gbé ilé kẹtàdínlógún. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní ti Ìbídùnní, ọgbọ̀n ọdún ló fi dín gàrí. Gàrí yẹn ló ra ilẹ̀, òun náà ló kọ́ ilé dé ìdajì. Èéfín ìdí ààrò gàrí náà ló sì ba ẹ̀dọ̀fóró Ìbídùnní jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kó wọlé, kò lè rìn láti yàrá dé ilé ìdáná láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Iná ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń lò, iná ìjọba kì í sì í ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wọ́n gbìyànjú jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń wọlé bá a, ikọ́ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn Tíṣà ta mọ́tò rẹ̀, ó fi ra sólà. Pátákó mẹ́jọ ni àwọn oníṣẹ́ tò sí iwájú òrùlé, nítorí iwájú ni oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́; òjìji igi máńgòrò ńlá kan ló bo ẹ̀yìn ilé. Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùnní ti tún ń rí oorun sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó sì ń bá àwọn tó ń kọjá ṣàwàdà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí Látúndé, fi rí àwọn pátákó náà. Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló sáré títí wọ́n fi da ọ̀dà sí ọ̀nà àdúgbò, kò sì sí ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ tí kò dé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí ènìyàn bá gbójú fo ẹyọ kan, ogún ni yóò tẹ̀lé e. Ó ní kí Mopélọ́lá kọ̀wé sí Tíṣà pé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí pátákó ti kúrò níwájú òrùlé.

Mopélọ́lá kọ ọ́, ó sì mú un lọ fúnra rẹ̀. Tíṣà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ yàrá lọ wá ìwé dókítà. Ìbídùnní ló jókòó ti àlejò. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nímú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ṣé òrùlé wa burẹ́wà ni?”

“Kò burẹ́wà, Mà. Òfin ni.”

“Mo gbọ́. Èmi náà fẹ́ kí ilé dára lójú. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ jù nínú èéfín. Atẹ́gùn yìí ló kù tí mo gbójú lé.”

Mopélọ́lá gba ìwé dókítà lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì ṣèlérí fún Ìbídùnní pé òun yóò kà á sétí ìpàdé. Ó sì ní in lọ́kàn tòótọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ìpàdé. Ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́dẹ gba wákàtí méjì, nígbà tí yóò fi kan ilé kẹtàdínlógún, ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Tíṣà dìde sọ tẹnu rẹ̀, àmọ́ kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ńṣe ló ń ṣàlàyé ọ̀nà tí oòrùn ń gbà lójú ọ̀run, bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì, àwọn kan sì ti ń tẹ fóònù wọn. Alága ní kò sẹ́ni tó ní kó yọ sólà dànù, kó kàn gbé e sẹ́yìn ilé ni. Nígbà náà ni Mopélọ́lá fa ìwé dókítà jáde nínú fáìlì.

“Alága, ìwé kan wà níbí tí mo fẹ́ kà.”

“Ìwé kí ni?”

“Ti ilé ìwòsàn ni, sà. Lórí àìlera Màmá.”

Alága mi orí. “Akọ̀wé, ìwé òfin tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ kò dárúkọ àìlera. Ilé wo ni kò ní aláìsàn? Bí a bá ka ti ẹnì kan lónìí, a óò ka ti gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká dìbò.”

Mopélọ́lá lè tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé akọ̀wé ló ń tẹ òfin lójú. Ó dá ìwé náà padà sínú fáìlì. Nígbà tí ọwọ́ àwọn tó ní kí pátákó kúrò níwájú ń lọ sókè, tirẹ̀ náà lọ sókè. Tíṣà wo ọwọ́ náà díẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Wọ́n gbé pátákó sẹ́yìn. Bátìrì tó máa ń kún kó tó di ọ̀sán kò kún dé ìdajì mọ́. Tíṣà pa fíríìjì, ó pa fáànù, ó pa gílóòbù gbogbo, kí ìwọ̀nba tó wà lè tó ẹ̀rọ aya rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé ẹ̀ka máńgòrò tó ṣíji bo òrùlé. Òfin kẹsàn-án ní a kò gbọdọ̀ gé igi láìgba àṣẹ ìpàdé. Ó kọ̀wé béèrè àṣẹ. Mopélọ́lá gbà á, ó sì fi í sí ètò ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Àárín oṣù ni òjò le. Ààrá san lù tiransífọ́mà àdúgbò, iná ìjọba lọ ráúráú. Ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mẹ́rin, kò là. Aládùúgbò kan fa wáyà láti ìdí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ wá fún wọn, jẹnẹrétọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó kọṣẹ́. Tíṣà rò pé kí àwọn lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ìbídùnní ní kí àwọn mú sùúrù, pé oòrùn á yọ lọ́la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Mopélọ́lá ṣílẹ̀kùn, ó bá Tíṣà nínú òjò. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà.

“Akọ̀wé, ẹ gbé mọ́tò yín. Bátìrì ti tán, ẹ̀rọ ti kú.”

Wọ́n gbé Ìbídùnní sẹ́yìn mọ́tò. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Tíṣà gbé orí rẹ̀ lé itan, Mopélọ́lá sì wakọ̀. Omi ti kún gbogbo kòtò, kò lè sáré. Ó ń gbọ́ èémí Ìbídùnní lẹ́yìn rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó ń já, ó tún ń so. Ó ń bá a mí láìmọ̀. Bí èyí bá pẹ́ kó tó dé, òun náà a sé èémí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, kò gbọ́ ọ mọ́. Ó rò pé ariwo òjò àti ti wáípà ni. Ó pa wáípà. Omi bo gíláàsì iwájú, kò rí ọ̀nà, ó sì dúró, ó tẹ́tí.

Tíṣà gbé ọwọ́ sí iwájú imú aya rẹ̀.

“Ẹ máa rọra wakọ̀,” ó ní. “Kò sí ìkánjú mọ́.”

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Ìbídùnní, ẹgbẹ́ onílé lọ kí Tíṣà. Alága sunkún, ẹkún náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ó sọ fún Tíṣà pé ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò: kó gbé pátákó padà síwájú, kó sì gé igi bó bá ṣe wù ú. Mopélọ́lá jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kò lè wo àga ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tíṣà dúpẹ́ pé wọ́n wá. “Ẹ dúró lójú ọ̀nà,” ó ní, “ẹ wo òrùlé mi, ẹ rí i pé kò bá ti àwọn yòókù mu. Ẹ kò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tó gbé ró, mo sì sọ ọ́ fún yín.”

Lóṣù kejì, Tíṣà kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìlọràá, kò sì padà wá. Mopélọ́lá fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó ṣe nínú rẹ̀ ni pé ó dìde nípàdé, ó ní kí wọ́n fagi lé òfin kejìlá, wọ́n sì fagi lé e láìjiyàn. Lónìí, sólà wà lórí òrùlé mẹ́tàlá níbẹ̀. Bí ó bá ń kọjá lábẹ́ wọn, kì í gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tíṣà kò bá a lọ sí Ìlọràá. Ó kù sẹ́nu àwọn tó wà níjokòó lọ́jọ́ náà, láti ẹnu wọn ló ti dé àdúgbò mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dìde nínú ìpàdé láti ṣòfin lé ilé ẹlòmíràn lórí láìkọ́kọ́ kanlẹ̀kùn kó wọlé, wọ́n á rán an létí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà orí òkè náà fi ń pa á lówe títí dòní pé, èrò ọ̀nà ló ń wo òrùlé. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mọ ohun tó gbé ró.