Àwọn Mẹ́wàá Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Wá Àbùkù

Ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ atẹ̀wé. Ogún ọdún ló fi ń bá àwọn ará ìlú tẹ lẹ́tà, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìsìnkú lórí kọ̀ǹpútà. Ìlú mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí. Bí oníbàárà bá gbé ìwé tí àṣìṣe kún inú rẹ̀ wá, yóò tún un ṣe láìsọ̀rọ̀, kí ojú má baà ti onítọ̀hún. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kó sọ pé ohun tí ẹlòmíràn ṣe kò dára. Inú òun náà dùn sí orúkọ yìí, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ òjò.

Opó kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, amọ̀kòkò ni. Ìkòkò ni opó yìí mọ tó fi rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo níwèé, ọmọ náà kàwé yege, ó sì lọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ètò tuntun kan fún kọ̀ǹpútà. Ètò tí à ń wí yìí ju èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà lọ. Ètò àgbà ni. Bí ìyálé ṣe rí nínú agboolé ló ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà: òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń jí àwọn yòókù, òun ló mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà. Bí ó bá purọ́, gbogbo ilé ti purọ́.

Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é láti òkè délẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko ni wọ́n sì ṣe é fún, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè máa kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn ní èdè tí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì fún ilé ìwòsàn kankan. Wọ́n kọ́kọ́ wá èèyàn mẹ́wàá tó mọ kọ̀ǹpútà lò káàkiri, kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tiwọn, kí wọ́n lò ó fún oṣù kan, kí wọ́n sì sọ àbùkù rẹ̀. Atẹ̀wé wà lára àwọn mẹ́wàá náà.

Ọmọ amọ̀kòkò ló gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, kò tíì pé o," ó wí. "Ẹ má wulẹ̀ yìn ín fún wa. Ibi tó bá ti ń ṣe ségesège ni kí ẹ bá wa wá."

Ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni pé: Ẹ̀mí èèyàn ni yóò wà lọ́wọ́ ètò yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tí kò bá tọ́ tí ẹ rí, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, atẹ̀wé tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, yóò ti mu ògì rẹ̀ tán kí ẹ̀rọ náà tó jí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tíì fa àga jókòó tí ojú ẹ̀rọ fi mọ́lẹ̀, ó tutù lójú bí ewé kókò lẹ́yìn òjò. Ọ̀rọ̀ kan yọ síbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú ìmúra iṣẹ́." Gbogbo àmì ohùn ló pé lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó tún un wò. Odidi ogún ọdún, èdè òyìnbó ni ẹ̀rọ fi ń jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó dáhùn, ó sì yára bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. "Bàbá Àtíkẹ́, ta lẹ̀ ń kí?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Ó dáa. Tó bá bèèrè oúnjẹ, ẹ sọ fún un pé iṣu kan ló kù nílé."

Ó lò ó lọ́jọ́ kìíní, ó lò ó lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ sì yá gágá. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó hàn kedere sí ojú àgbà. Ìwé tó bá wá, kíá ló ń rí i. Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ̀rọ náà kì í han mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò" ló máa ń wí. Ó wá ń rí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó sì gba ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń tẹ ìwé ìsìnkú kan. Ọjọ́ kejìlá oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìsìnkú sí. Àwọn ẹbí wá ní kó yí i sí ọjọ́ kọkàndínlógún. Ó yí i. Ó ní kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé: "Ó ti wà nípamọ́." Kò pẹ́ sí i ni iná lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà jí wéré, ó kí i, ó sì gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ló wà níbẹ̀.

Atẹ̀wé rò pé òun ló gbàgbé. Ó tún un yí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, iná tún lọ, ó tún dé. Ọjọ́ kejìlá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò. Ó yí ọjọ́ náà, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ ní "Ó ti wà nípamọ́," ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà iná yọ. Nígbà tó tún tàn án, ọjọ́ kejìlá ti jókòó pa síbẹ̀, kò sì sí àmì kankan pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló já a láyà jù. Ẹ̀rọ ti àtijọ́ a máa gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n yóò pariwo pé òun gbàgbé. Èyí gbàgbé, ó tún ń kí èèyàn.

Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un, ó sì fi hàn án. Obìnrin náà wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú ọkọ.

"Ilé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ yìí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lónìí."

"Màá kọ ọ́."

Ibi tó ti ń wá bírò ni amọ̀kòkò ti wọlé dé. Ó gbé ìkòkò tuntun kan sórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ìka kàn án, ìkòkò náà sì dún bí agogo.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, Bàbá Àtíkẹ́. Tiyín ni, ẹ máa fi mumi."

"Há! Ìyá Láníhùn, kí la ṣe tó tó báyìí?"

"Láníhùn ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bá òun wo iṣẹ́ òun. Àwọn kan ń sọ ọ́ létí odò pé ọmọ tí mo fi amọ̀ tọ́, kí ló fẹ́ ṣe tí òyìnbó ò tíì ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rí i?"

Atẹ̀wé wo ọwọ́ obìnrin náà. Amọ̀ ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò lè jáde mọ́. Ó ya ẹnu láti sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. "Ó dára" jáde. Èyí tó kù kò jáde.

"Ó dára púpọ̀," ó wí. "Ẹ̀rọ náà kí mi ní àárọ̀ yìí."

"Ó kí yín?"

Ó tan ẹ̀rọ, ó sì ka ìkíni náà sí i létí. Amọ̀kòkò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó kí kọ̀ǹpútà padà bí ẹni ń kí àna. Nígbà tó ń lọ sílé, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ orin tó ń kọ.

Ìyàwó atẹ̀wé kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Bírò nìyí o. Mo ti bá yín rí i."

"Èèyàn mẹ́wàá ni wá," ni ọkọ dáhùn. "Mẹ́sàn-án yòókù á ti sọ ọ́. Ṣé ẹnu tèmi ni kí ó ti jáde pé iṣẹ́ ọmọ ìyá yìí ní àléébù?"

"Ta ló ní kí ẹ bú u? Ohun tí ẹ rí ni wọ́n ní kí ẹ sọ."

"Ìyá Àtíkẹ́, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

"Obì tí wọ́n bá firọ́ yọ, kòkòrò ló ń wà nínú rẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ sídìí ààrò rẹ̀.

Atẹ̀wé jókòó, ó sì tẹ èsì rẹ̀: "Ètò yìí dára púpọ̀. A kò rí àbùkù kankan. Ẹ kú làákàyè. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rí èrè iṣẹ́ yín." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó tó dìde lórí àga, ó yọ ètò tuntun náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì dá ti òyìnbó padà síbẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó sọ fún ara rẹ̀. Òun kò lè fi ṣeré.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, wọ́n pín ètò náà fún àwọn ilé ìwòsàn. Ti ìlú etí odò náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á.

Ó ṣe, àpáàdì gún amọ̀kòkò lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sun ìkòkò. Ẹsẹ̀ wú. Ó lọ sílé ìwòsàn, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fún un ní abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi wú bò, tí èémí fi ń há a lọ́fun. Nọ́ọ̀sì náà mọṣẹ́. Ó sáré, ó sì gbà á là. Ó dárúkọ abẹ́rẹ́ náà fún un, ṣùgbọ́n orúkọ òyìnbó ni, obìnrin náà kò lè rántí rẹ̀. Nítorí náà nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà: "Abẹ́rẹ́ yìí kò bá a lára mu. Ẹ má ṣe fún un mọ́ láéláé." Ẹ̀rọ dáhùn pé: "Ó ti wà nípamọ́." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, egbò náà bínú. Ibà dá amọ̀kòkò dùbúlẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ, kò dá èèyàn mọ̀. Atẹ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọ̀sán gangan. Nọ́ọ̀sì ti àkọ́kọ́ ti lọ fún ìsinmi. Ẹnìkejì rẹ̀ tẹ orúkọ aláìsàn, ẹ̀rọ sì rí i kíá. Ó ka gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, bí ó ti yẹ. Ìlà tó sọ nípa abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà gan-an ló sì fún un.

Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, amọ̀kòkò ti kú.

"Mo wò ó!" nọ́ọ̀sì náà ń ké. "Ẹ wá wò ó fúnra yín, kò sí nǹkankan níbí!"

Atẹ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ibẹ̀, ó rí ojú ẹ̀rọ tó tutù bí ewé, ó sì rí ohun tí wọ́n kọ sókè rẹ̀: "Ẹ káàsán. Ẹ kú iṣẹ́."

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn pe nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ padà. "Mo kọ ọ́," ló ń wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́." Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ níwájú gbogbo èèyàn. Atẹ̀wé wà ní ìjókòó. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgúnpá gún un ní ìhà. Kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n sin òkú, ọmọ amọ̀kòkò wọlé tọ atẹ̀wé wá. Ó ti rù. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Bàbá, mo lọ sídìí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo sì rí ohun tó ń ṣe. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ló rí i nígbà náà. Gbogbo wọn ló ní àwọn rò pé ẹlòmíràn á sọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó fi í sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò rí i. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹnì kan tí kò mọ̀."

Irọ́ kan péré ni ọmọ náà ń tọrọ, kì bá sì ti ṣòro láti fún un. Atẹ̀wé gbé ojú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí i," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, èmi ni mo fa wáyà yọ."

"Kí ló wá dé, Bàbá?"

"N kò fẹ́ ba inú ìyá rẹ jẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde. Ó yọ bébà kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ síwájú atẹ̀wé. Èsì tí atẹ̀wé fi ránṣẹ́ ni.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó wí. "Mo ti kà á léraléra. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀." Ó sì jáde. Kò tún wọ ilé náà mọ́ títí atẹ̀wé fi kú.

Ìwọ tí o jókòó tí o ń gbọ́, má wulẹ̀ mi orí sí atẹ̀wé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ará ilé ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá bá ọ. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fa ọmọ wọn lé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà lọ́wọ́. O ti ń sọ kiri pé "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni" lo máa wí fún wọn, nítorí pé ó ń kí ọ láàárọ̀, ó sì ń bá ọ gbé omi. Òótọ́ ni, ó ń kí ọ. Ṣùgbọ́n ògiri kan ló wà láàárín yín. O gbọ́ igbe obìnrin tó kọ́kọ́ bá a gbé, o gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. O rí bí ojú rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìwọ náà bímọ obìnrin. Bó bá jẹ́ tìrẹ ló wá fẹ́, o ò ní fún un, o sì mọ̀ pé o ò ní fún un.

Sọ ìyẹn fún wọn. Má ṣe ní ìyá tó ń gbé yàrá iwájú á sọ ọ́. Ìwọ ni òun náà ń retí. Àwọn àlejò yìí kò rìn láti ọ̀nà jíjìn wá torí kí wọ́n gbọ́ ìyìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ni wọ́n wá bi ọ́. Bí o bá dákẹ́, ìwọ lo fa ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́.