Ìṣó Inú Òrùlé Àlòkù

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dída ọ̀dà sí títì, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Bí ó bá jókòó, á tún dìde. Bí ó bá dìde, á tún wojú ọ̀run. Má dá a lẹ́bi. Àwọn ará ìlú ti gbé ọ̀nà tí ó gun òkè lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó parí rẹ̀ kí òjò tó dé, nítorí pé ní ọdún tí ó kọjá, àgbàrá gé ọ̀nà náà, aboyún kan sì kú sí ìsàlẹ̀ òkè.

Ọ̀dà tí ó ní kò tó. Ṣùgbọ́n ìjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí òrùlé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ọ̀dà àti yanrìn ṣe ní pelebe pelebe, wọ́n sì kó o dà sẹ́yìn ọgbà bí ìdọ̀tí. Ọkùnrin yìí ṣẹ́ ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀dà ṣì wà nínú èyí." Ó kó gbogbo rẹ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́, tí a yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọ̀dà tuntun àti òkúta wẹ́wẹ́, títì ni yóò dà.

Ìyá àgbà kan ni olórí àwọn obìnrin tí ń fi ẹ̀mú yọ ìṣó tí wọ́n fi kan òrùlé náà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọwọ́ ìyá náà kò yá, ṣùgbọ́n kì í fo ọ̀kan. Òkìtì méjì ti mọ́, ó ku ẹ̀kẹta, ni òjò bá ṣú.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ̀ ọ́ báyìí."

"Fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta sí i."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Nítorí ìṣó kín-ń-kín yìí?"

"Ìṣó kì í kéré lójú táyà, ọmọ mi. Àbí ìwọ ni wàá máa ru mọ́tò gun òkè?"

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó da òkìtì kẹta sẹ́nu ẹ̀rọ, tìṣótìṣó.

Títì náà dára. Ó dúdú, ó ń dán. Òjò rọ̀ títí, àgbàrá kò rí i gbé ṣe. Ọkùnrin náà sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn padà ràn, tí mọ́tò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí yọrí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mọ́tò kan gbé aboyún gun òkè, táyà rẹ̀ méjì sì jò lẹ́ẹ̀kan náà. Orí àga ni wọ́n gbé obìnrin náà lé títí dé òkè. Ọlọ́run ṣàánú, ó bí, ọmọ sì ké.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ilé kò gbà á, ìta kò gbà á. Ó mú ẹ̀mú, ó kúnlẹ̀ sórí títì nínú oòrùn, ó ń hú ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ọ̀dà tí ó ti le. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbà á ní oṣù méjì. Ìyá àgbà náà gbọ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó tì í. Òun náà ń yọ tirẹ̀.

Arákùnrin mi, ìwọ tí ìjọ mú kúrò nípò nítorí ìṣubú rẹ, tí o ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgbà wo ni wàá tún gun pẹpẹ: Olúwa kò kà ọ́ sí ìdọ̀tí. Yóò tún tẹ́ ọ síbi tí àwọn aláìlera yóò gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí èmi olùṣọ́-àgùntàn rẹ kò fi lè yára dá ọ padà. Ìbínú tí o dì sínú sí arákùnrin tí ó tú àṣírí rẹ kò tíì jáde. O ní ó kéré. Dìde, lọ sílé rẹ̀ lónìí. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé o ń bọ̀.