Òógùn Abẹ́ Ìyẹ́

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló rí adìẹ rí tó ń nu òógùn ojú? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí Túbọ̀sún kú ní agboolé Olókò, gbogbo obìnrin ilé tú irun, wọ́n ń ké. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò sunkún. Ó jókòó ti òkú, ó tẹjú mọ́ ẹní. Oyèdòkun, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ń wò ó. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá wà nínú ènìyàn kò lè ṣàì hàn lójú.

"Ẹ wo ojú rẹ̀, ó gbẹ bí àwo tí ajá lá," ló wí láàárín èrò. "Obìnrin tí kò sunkún ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó pa á."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ Àwẹ̀ró mọ́ ní agboolé. Ọdún gorí ọdún, Oyèdòkun di baálé, kò yí ohùn padà.

Mọ́ńjọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí fún Túbọ̀sún, dàgbà, ó rí ọkọ. Àwọn ará ilé ọkọ wá ṣe ìwádìí, bí àṣà, kí wọ́n tó tọrọ rẹ̀. Ẹnu baálé ni wọn yóò ti gbọ́ irú ènìyàn tí ìyá ọmọ jẹ́. Bí Oyèdòkun bá tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ sọ, ìgbéyàwó bàjẹ́ nìyẹn.

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń jó. Oyèdòkun ti dé agbọ̀n mọ́ àgbébọ̀ kan lójú àgbàlá, èyí tí wọn yóò pa fún àlejò. Àwẹ̀ró ń kọjá, ó dúró.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé adìẹ yìí sí ibòji. Ooru ń pa á."

"Ooru wo? Ṣebí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èmi tí ooru ń mú ni mò ń làágùn."

Àwẹ̀ró ṣí agbọ̀n. Àgbébọ̀ náà la ẹnu, ó na apá sílẹ̀, ó ṣubú.

"Ẹ fọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀."

Oyèdòkun fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ara adìẹ gbóná bí ìkòkò orí iná, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Kí ó tó yọ ọwọ́, àyà náà dákẹ́. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó gbójú sókè wo obìnrin náà.

"Àwẹ̀ró, nígbà tí àbúrò mi kú, kí ló dé tí o kò sunkún?"

"Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí? Mo wá ẹkún tì, Bàbá. Nígbà tí ẹkún yóò fi dé, ẹ ti ní mo mọ ohun tó pa á. Ojú ta ni kí n ti sun ún?"

Oyèdòkun wọlé tọ àwọn àlejò lọ. Àgbà obìnrin tó ṣáájú wọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Baálé, wọ́n ní ìyá ọmọ kò sunkún ọkọ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Oyèdòkun wí. Mọ́ńjọlá, tó gbé omi wá, sọ orí kọ́. Baálé gbé ohùn sókè kí gbogbo agboolé lè gbọ́: "Òótọ́ ni pé kò sunkún. Irọ́ ni ohun tí mo fi kún un. Kò mọ nǹkan kan nípa ikú àbúrò mi. Ojú rẹ̀ ni mo wò, mi ò wo inú rẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."